Ta ló ni owó oko ilé ẹ̀kọ́? Ìtàn òwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Bouaké dé Ìkẹ́nnẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí, iṣẹ́ tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ti kọjá kí wọ́n kàn kọ nǹkan sínú ìwé. Olùkọ́ á pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, á ní kí wọ́n dá òwò kékeré sílẹ̀. Àwọn kan á ṣe ọṣẹ, àwọn kan á sin adìyẹ, àwọn tó kù á se zóbò, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike. Nígbà tí sáà bá parí, wọ́n á mú ìwé ìṣirò owó wọn wá, olùkọ́ á sì fún wọn ní máàkì.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé àṣà tuntun ni èyí. Kì í ṣe tuntun rárá. Ní Côte d'Ivoire, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọba ti kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń ta ohun tó bá kórè. Ohun tó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ni owó náà?

Ìbéèrè yẹn ló sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ òwò lóòótọ́, tàbí ó kàn ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìlú Bouaké sì jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Ìlú tó ti ń ṣòwò tipẹ́

Bouaké wà láàárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Abidjan. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, àwọn tí aṣọ híhun wọn gbajúmọ̀. Àwọn oníṣòwò Dioula tó ń ti àríwá bọ̀ náà fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Rélùwéè láti Abidjan dé ìlú náà ní ọdún 1912. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ọmọ Faransé kan, Robert Gonfreville, dá ilé iṣẹ́ ìranwú àti aṣọ híhun sílẹ̀ níbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹ bi àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun léèrè. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire, débi pé ẹni tó bá ń sọ èdè Faransé ní ọjà Èjìgbò kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Àwọn òbí àti ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ ní òwò nígbà náà. Ọmọ ìyá olójà á gbé igbá kiri, tó bá dé lálẹ́, wọ́n á ka owó lójú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n á ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un, á sì dá dúró. Ẹ̀kọ́ náà le, àwọn ọ̀gá kan sì máa ń rẹ́ ọmọ jẹ. Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iṣẹ́ náà á di ti ọmọ fúnra rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Ìwé láàárọ̀, ọkọ́ lọ́sàn-án

Ní ọdún 1903, ìjọba Faransé ṣe òfin tó ṣètò ilé ẹ̀kọ́ káàkiri àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ oko wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ abúlé kọ́. Georges Hardy, tó di ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ náà ní 1914, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lárugẹ. Lójú tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ran ọrọ̀ ajé ilẹ̀ amúnisìn lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ máa bí kìkì àwọn akọ̀wé.

Láàárín 1930 sí 1936, nígbà tí Jules Brévié jẹ́ gómìnà àgbà, ètò náà tún lágbára sí i. Wọ́n pè é ní ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko. Ọmọ á kàwé, á sì roko, irúgbìn tó ń mówó wọlé ní àgbègbè rẹ̀ ló sì máa ń gbìn.

Lórí ìwé, ètò náà dára. Ilé ẹ̀kọ́ ní ẹgbẹ́ àjọṣe kan tí Faransé ń pè ní mutuelle scolaire. Owó tí wọ́n bá rí lórí irè oko á wọ inú àpò ẹgbẹ́ náà, wọ́n á sì fi ra irinṣẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn tí ilé ẹ̀kọ́ nílò. Wọ́n ní ọmọ á ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń fowó pamọ́, àti bí a ṣe ń ran ara ẹni lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ń mójú tó àpò náà. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa gbìn, kì í ṣe òun ló ń ná owó ọjà. Ẹ̀sùn tí àwọn òbí ń sọ káàkiri ni pé àwọn kan ti sọ akẹ́kọ̀ọ́ di òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Yorùbá á ní ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Bàbá tó rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ rí i pé ọkọ́ náà ló tún lọ bá níbẹ̀.

Ó yẹ ká rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta ilé ẹ̀kọ́ lásìkò yẹn. Iṣẹ́ tipátipá wà lórí àwọn ará Côte d'Ivoire. Wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin láti abúlé lọ sí oko kọfí àti kòkó àwọn òyìnbó, àti sí ẹnu iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ní 1944, Félix Houphouët-Boigny, dókítà àti àgbẹ̀ tó jẹ́ Baoulé, ṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Nígbà tó dé ilé aṣòfin Faransé, òun ló gbé àbá òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1946.

Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ẹ̀kọ́ tó dà bí iṣẹ́ tipátipá kò rí ojúrere. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ohun tí àwọn òbí àti àwọn olóṣèlú aláwọ̀ dúdú ń béèrè ni ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ilẹ̀ Faransé dọ́gba, ìwé kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko sì wọlẹ̀.

Ọ̀nà méjì tó gbé ìwé owó lé ọmọ lọ́wọ́

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn kan níbòmíràn ti dáhùn ìbéèrè wa lọ́nà ọ̀tọ̀. Méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò kan náà, gẹ́rẹ́ tí ogun àgbáyé kìíní parí.

Èkíní wáyé ní ilẹ̀ Faransé. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Saint-Jean-d'Angély, Barthélemy Profit, rí i pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kò lówó. Ó gba àwọn ọmọ níyànjú láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n á ṣa ewé egbòogi àti àlòkù irin, wọ́n á tà á, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ ra ìwé àti ohun èlò fún kíláàsì wọn. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó yan alága, akọ̀wé àti akápò, kí àwọn náà sì pinnu bí wọ́n ṣe máa ná owó. Irú ẹgbẹ́ yìí ló tàn dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà.

Èkejì wáyé ní Amẹ́ríkà. Ní 1919, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn olówó mẹ́ta kan, Horace Moses, Theodore Vail àti Winthrop Murray Crane, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Òun ló di Junior Achievement. Nínú ètò yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, wọ́n á ta ìpín ìdókòwò, wọ́n á yan àwọn olórí, wọ́n á ṣe ọjà, wọ́n á tà á. Tí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí, wọ́n á pa ilé iṣẹ́ náà dé, wọ́n á sì pín owó tó kù fún àwọn tó ra ìpín.

Ìyàtọ̀ méjèèjì hàn. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ni èrè. Nínú ilé iṣẹ́ onípìn-ín, ẹni tó dá owó ló ni ín. Ṣùgbọ́n wọ́n jọra níbi kan: ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé owó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká sọ pé 20 akẹ́kọ̀ọ́ ní Bouaké dá 500 fáráǹkì CFA kọ̀ọ̀kan. Owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò wọn á jẹ́ 10,000. Wọ́n fi 8,000 ra ìṣápá pupa, ṣúgà, ike àti yìnyín, wọ́n sì se bissap, èyí tí a mọ̀ sí zóbò ní Nàìjíríà. Ike 60 ló jáde, 200 fáráǹkì ni wọ́n sì fẹ́ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí mẹ́wàá bá bàjẹ́, tí wọ́n ta 50, owó ọjà á jẹ́ 10,000. Tí a bá fi 2,000 tí wọn kò ná kún un, ó di 12,000. Olúkúlùkù á gba 600 fáráǹkì, èrè 100 lórí 500. Ṣùgbọ́n tí iná mànàmáná bá lọ, tí ìdajì ọjà sì kan, 6,000 péré ni wọ́n máa rí. Pẹ̀lú 2,000 tó wà nílẹ̀, ó di 8,000. Olúkúlùkù á gba 400, ó ti pàdánù 100.

Kò sí ìwé kíkà tó lè kọ́ ọmọ ní ohun tí 100 fáráǹkì tó sọnù yẹn máa kọ́ ọ. Á mọ ìdí tí yìnyín fi ṣe pàtàkì. Á mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé ni èrè. Àmọ́, tí owó náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tí olùkọ́ sì kó ìyókù sápò láìsọ iye rẹ̀, ohun tí ọmọ máa kọ́ ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ló ń jẹ.

Ìkẹ́nnẹ́: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó di ọkọ́ mú

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbé iṣẹ́ ọwọ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ láìsọ ọ́ di ìyà ni Tai Solarin. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ibi tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn báyìí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mayflower roko, wọ́n sin adìyẹ, wọ́n sì bá wọn kópa nínú kíkọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń lò. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí oko ìgbà amúnisìn ni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti fìlà, máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kò sì dínkù nítorí oko. Òbí tó rán ọmọ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ mọ̀ pé yóò ṣe ìdánwò kan náà pẹ̀lú ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn.

Ẹni tó ń wàásù pé kí ènìyàn dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Solarin jálẹ̀ ayé rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989 láti yá àwọn tí kò rí jájẹ àti oníṣòwò kékeré lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ó kú ní 1994.

Ìjọba Nàìjíríà náà gbìyànjú láti mú iṣẹ́ ọwọ́ wọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ní iṣẹ́ ọwọ́ nínú, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti òkè òkun wà títí tí wọ́n fi dípẹtà, torí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Ní 2011, wọ́n tún fi iṣẹ́ òwò 34 kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà lè yàn láti kọ́.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Bouaké, oko ní Àjàṣẹ́

Ní Côte d'Ivoire, Bouaké ni ìjọba yàn fún ìdánwò ńlá tirẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Láti 1971, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́ sí ìlú náà ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbé wọ kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Níbi tí kò bá sí iná, bátìrì ni wọ́n ń lò. Ètò kan tún wà fún àwọn àgbà ní abúlé, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbé ayé wọn.

Ètò náà parí ní 1982. Ó wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ kò sì fẹ́ ẹ. Ìbẹ̀rù àtijọ́ náà ló tún jí: ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí kò tó ti ọmọ olówó ni wọ́n ń fún ọmọ wa? Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú òwò wọ ilé ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdáhùn mìíràn jáde ní ilẹ̀ Benin. Ní 1985, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ní Porto-Novo, ìlú tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ hẹ́kítà kan ló fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tí kò rí ìwé wọn parí. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná, ìdọ̀tí oko di oúnjẹ ẹja. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti lọ dá oko tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n bá parí. Bí fírídọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn: ẹ̀kọ́ náà ní òpin, òpin rẹ̀ sì ni kí ọmọ ní tirẹ̀.

Ọ̀nà ti Springfield náà dé. Simi Nwogugu dá Junior Achievement sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1999. Ètò kan náà ń ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire lónìí.

Nígbà tí ogun ti ilé ẹ̀kọ́

Bouaké mọ ohun tí òwò túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ìlú náà sì di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá lọ sí gúúsù. Wọ́n kó yunifásítì ìlú náà lọ sí Abidjan. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń kọ́ ọmọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣí.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007. Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje ọdún náà, wọ́n dáná sun àwọn ohun ìjà ní Bouaké láti fi hàn pé ogun ti parí. Yunifásítì padà wálé, ó sì ń jẹ́ orúkọ Alassane Ouattara láti 2012.

Ọmọ tó wà ní kíláàsì nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti di òbí báyìí. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún un pé iṣẹ́ ìjọba kò lè tó gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí òwò ilé ẹ̀kọ́ fi ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ẹ̀kọ́ ti parí, tí iṣẹ́ ọmọdé bẹ̀rẹ̀?

Côte d'Ivoire ló ń pèsè kòkó jù lọ ní àgbáyé. Láti 2001, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí àdéhùn Harkin-Engel láti fòpin sí ìwà lílo ọmọdé nílòkulò lórí oko kòkó, ojú ayé wà lára orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀.

Òfin àgbáyé fi àyè sílẹ̀ fún un. Àdéhùn 138 ti àjọ ILO, tó wáyé ní 1973, tó sọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ka iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tó kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Oko tí ọmọ ń ro lójoojúmọ́, tí kò mọ iye tí wọ́n tà á, tí ìwé rẹ̀ sì ń dúró dè é, kì í ṣe kíláàsì.

Tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín bá ní kí wọ́n dá òwò sílẹ̀, kò yẹ kí ẹ yarí. Ẹ kàn béèrè ohun mẹ́rin. Ta ló dá owó ìbẹ̀rẹ̀? Ta ló ń kọ ìwé owó, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí i wò nígbàkígbà? Báwo ni wọ́n ṣe máa pín èrè, ta ni àdánù máa kàn? Wákàtí mélòó ni òwò náà máa gbà kúrò lára ìwé?

Àwọn òbí ìgbà amúnisìn ní Côte d'Ivoire kò rí ẹni dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí owó oko ọmọ wọn wọlé sí. Ilé ẹ̀kọ́ òde òní ní láti ní ìdáhùn, kí akápò tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ka iye rẹ̀ jáde níwájú kíláàsì.